Ilé Ọba Tó Jó: Lámèyítọ́ Ààfin Lomé gẹ́gẹ́ bí Ilé Iṣẹ́-ọnà àti Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ Ààfin Lomé, ilé tí ìjọba amúnisìn Jámánì kọ́ sí etí òkun ní ilẹ̀ Tógò láàrin ọdún 1898 sí 1905, tí ìjọba Tógò tún ṣe, tí ó sì di ilé iṣẹ́-ọnà pẹ̀lú ọgbà ńlá ní ìparí ọdún 2019. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà gbé yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ láti fi pàṣẹ lé àwọn ènìyàn lórí lè padà di ilé àwọn ènìyàn náà? Iṣẹ́ náà wo ìrísí ilé náà, ọgbà rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ó fi í wé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Freedom Park àti Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, àti Villa Ajavon ní Ouidah. Ó fi hàn pé àtúnṣe ilé ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti símẹ́ńtì lọ. Ó sì kádìí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe sí àwọn ilé àtijọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kí wọ́n tó wó tán.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí láì bi ara wọn léèrè pé ta ni ó ń bu ẹwà náà sí i. Bí ilé ọba bá jó, gbogbo ìlú ni yóò gbé amọ̀, igi àti koríko wá. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni yóò mú kí ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ. Òwe náà kò sọ ohunkóhun nípa ilé mẹ̀kúnnù. Kò sì sọ nípa ilé tí iná kò jó rárá, tí ó jẹ́ pé òjò ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, lójú àwọn tó ni ín.

Lámèyítọ́ ní èdè Yorùbá ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ewì, ìtàn-àròsọ, eré-onítàn àti lítíréṣọ̀ alohùn. Ṣùgbọ́n ilé náà jẹ́ iṣẹ́-ọnà tí ó ṣe é kà. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ, ó ní ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún, ó ní ohun tí ó ń sọ fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Bí òǹkàwé ṣe ń bi ìwé ìtàn léèrè pé ojú ta ni a fi ń wo ìṣẹ̀lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò lè bi ilé léèrè pé ta ni ó ń kí káàbọ̀, ta ni ó sì ń lé sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá rìn láti Òkìtìpupa lọ sí Ìkọ̀yà, Ìgbòtako, Òde-Aye àti Òde-Ìrèlè yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá yòókù. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn bàbá fi owó epo, gẹdú àti kòkó kọ́ ti ń di ibi tí ewúrẹ́ ń sá òjò sí. Páànù wọn ti dógùn-ún, àjà wọn ti ń já. Ilé tuntun ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí àwọn ọmọ yóò fi rántí ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni wo ibi tí wọ́n ti gbé ilé àtijọ́ dìde, kí wọ́n sì fi ojú lámèyítọ́ wò ó. Kí wọ́n má kàn yìn ín nítorí pé ó dára lójú.

Ìtàn ilé náà ní ṣókí

Ní ọdún 1884 ni àwọn Jámánì gbé àsíá wọn ró sí etí òkun Tógò. Ní ọdún 1897, wọ́n sọ Lomé di olú-ìlú. Ọdún kejì rẹ̀, 1898, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé gómìnà, ó sì parí ní 1905. Lẹ́yìn tí Jámánì pàdánù ilẹ̀ náà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọwọ́ àwọn Faransé ni ilé náà bọ́ sí. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1960, Tógò gba òmìnira, àwọn aláṣẹ tuntun sì jogún ilé àwọn aláṣẹ àtijọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wàhálà òṣèlú mi orílẹ̀-èdè náà jìgìjìgì, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lé ní 20 ọdún tí ó fi wà bẹ́ẹ̀, tí igi àti ìtàkùn ń bò ó mọ́lẹ̀ láàrin ìlú ńlá.

Ìjọba Tógò ni ó náwó sí àtúnṣe rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ àkóso Sonia Lawson. Ilé tí ará ìlú lásán kò lè sún mọ́ fún ohun tó lé ní 100 ọdún wá di ibi tí ọmọ ilé-ìwé lè wọ̀ kí ó wo àwòrán àti ère, tí ìdílé sì lè rìn láàrin ọgbà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 11.

Ààfin tí kò ní ọjà

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò ni orúkọ. Ààfin ni wọ́n ń pe ilé náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí adé wà ni ààfin. Àwọn ọ̀nà ìlú ń pàdé ní ẹnu rẹ̀, ọjà ọba sì máa ń wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ná ọjà ń gbójú sókè wo ilé ọba, ọba náà sì ń gbọ́ ariwo ọjà láti inú ilé rẹ̀. Bí ọjà bá tú, ọba yóò mọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ààfin àti ọjà jọ ń wojú ara wọn ni. Èyí àkọ́kọ́ kò lè ṣe bí ẹni pé èkejì kò sí.

Ilé gómìnà ní Lomé kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun ni ó kọjú sí. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti gbé gómìnà wá ni ó ń wò, ibẹ̀ náà ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ sì ni yóò bá padà lọ. Ògiri funfun rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ olópòó wà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, apá ọ̀tún kò yàtọ̀ sí apá òsì. Ìrísí rẹ̀ ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí omi pé ìjọba ti dé síbí, ó sì ti fìdí múlẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Lomé ni ilé náà ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ọmọ Lomé ni ó ru ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí pé iṣẹ́ ipá àti pàṣán wà lára ọ̀nà tí Jámánì fi ṣàkóso Tógò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ilẹ̀ amúnisìn mìíràn.

Kò sí àtúnṣe tó lè yí ojú ilé náà padà kúrò lára òkun. Ohun tí ó kù ni ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn alátùn-únṣe ti wúlò jù lọ. Lára àwọn àfihàn tí wọ́n fi ṣí ilé náà ní 2019, ọ̀kan dá lórí àwọn ọba ilẹ̀ Tógò, pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun àṣẹ wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ dúró níbí kí ó ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọba tí gómìnà gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn wá gba iwájú wọ inú ilé gómìnà. Ìtẹ́ wọn jókòó sí ibi tí àga rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó fọ́ ògiri, síbẹ̀ ìtumọ̀ ilé náà ti yí padà. Àfihàn mìíràn bu ọlá fún Kossi Aguessy, ọmọ Tógò tí wọ́n bí ní 1977 tí ó sì kú ní 2017, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àga àti ohun èlò ilé sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ ní òkè òkun. Bí wọ́n ṣe gbé ìtẹ́ ọba àtijọ́ àti àga ọ̀dọ́mọdé òde òní sínú ilé kan náà jẹ́ ìgbésẹ̀ ọlọ́gbọ́n: ó kọ̀ láti gbà pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́-ọnà Áfíríkà jẹ́ ọ̀rọ̀ àná nìkan.

Ọgbà: ẹwà tí ń tuni lára àti ẹwà tí ń rántí

Ọgbà ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rántí jù lọ. Àwọn igi ńlá, ojú ọ̀nà tí wọ́n là láàrin wọn, àwọn ẹyẹ àti àwọn ère ìgbàlódé tí ó yọ lójijì láàrin ewé: gbogbo rẹ̀ ń mú ọkàn fúyẹ́. Irú ọgbà báyìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọgbà onílà gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n wá ń ṣe èyí tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, tí igi rẹ̀ dàbí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ àlàpà sínú rẹ̀, kí ẹni tó ń rìn lè ronú lórí ayé tó ti lọ. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù.

Èrò Yorùbá nípa ewéko yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ náà ọgbà ń tọ́ka sí odi tí a fi yí nǹkan ká, kí ó tó tọ́ka sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbàlá wà fún iṣẹ́ ilé àti eré ọmọdé. Igbó ní tirẹ̀ ní olúwa: ọdẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbà, oníṣègùn ń já ewé pẹ̀lú ọfọ̀, àwọn igbó kan sì wà tí ògbèrì kò gbọdọ̀ wọ̀. Ẹwà wà nínú igbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àti ìrántí máa ń bá ẹwà náà rìn.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, darapọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ náà bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé láti tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó ṣe. Wọ́n sọ igbó náà di ohun ìrántí ìjọba àpapọ̀ ní 1965, UNESCO sì fi í kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Wenger kú ní oṣù Kìíní, ọdún 2009. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó gbé, tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti àwọn Àgùdà, ṣì wà ní òpópónà Ìbòkun.

Ìyàtọ̀ Òṣogbo sí Lomé ni pé ní Òṣogbo, àwọn tó ṣe iṣẹ́-ọnà náà ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Birikilà di agbẹ́rẹ̀; igbó náà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn kí ó tó di ibi tí àlejò ń wá wò. Síwájú sí i, ìjọsìn kò kúrò níbẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Ọgbà Lomé ní tirẹ̀ wà nínú ewu kan tí ẹwà ti ara rẹ̀ ń fà. Òjìji igi tútù, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, àlejò lè jókòó pẹ̀lú ohun mímu lọ́wọ́, kí ó sì jáde láì rántí pé ilé tí ó ń wò láàrin ewé jẹ́ ilé ìpá. Ọgbà tí ń mú ọkàn rọ̀ lè mú ìrántí náà rọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi igi. Iṣẹ́ olùtọ́nà àti olùkọ́ ni láti rí i pé àlejò gbọ́ ìtàn àwọn tó ru òkúta kí ó tó jókòó sábẹ́ òjìji.

Freedom Park ní Èkó fi hàn pé èyí ṣe é ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀; lára àwọn tí wọ́n fi síbẹ̀ ni Herbert Macaulay. Ní 2010 ni ó di ọgbà iṣẹ́-ọnà, ní ọdún tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tí ó gba òmìnira. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe lọ́nà tí ààlà yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì fi hàn. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ ni wọ́n fi ṣe pèpéle eré. Ẹni tó wá jó níbẹ̀ mọ ibi tí òun ń jó sí.

Ilé tí iná kò jó

Bí Lomé bá jẹ́ ilé ọba tó jó tí ẹwà bù sí i, Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinubu Square, Èkó, jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ní 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé Àgùdà ẹlẹ́wà náà. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933, ó sì fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà lórí ìwé fún 60 ọdún, òfin náà kò sì kan òrùlé, kò san owó birikilà, kò fún àwọn tó jogún ilé náà ní ohunkóhun tí wọn yóò máa fi tọ́jú rẹ̀. Ilé tí a kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, tí a kò fún ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, ẹrù ni ó ń dà lórí ẹni tó ni ín.

Villa Ajavon ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, wà láàrin àwọn méjèèjì. Ilé Àgùdà ni òun náà, ọdún 1922 ni wọ́n kọ́ ọ. Kò sí gómìnà tó gbé ibẹ̀; ilé oníṣòwò ni. Àjọ Fondation Zinsou sọ ọ́ di ilé iṣẹ́-ọnà ìgbàlódé ní 2013, wọn kò sì gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé náà wà láàyè nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wọlé wọ̀de nínú rẹ̀. Nípa báyìí, ó di dandan kí òwe àtijọ́ náà gba àfikún: kì í ṣe ilé ọba nìkan ni ẹwà lè bù sí, bí ìlú bá ti lè rí iṣẹ́ fún ilé náà láti ṣe.

Ohun tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lè rí kọ́

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni gbogbo èyí. Bí òrùlé kíláàsì bá ń jò, ta ni yóò máa náwó lórí ilé àwọn òkú? Ìbéèrè náà ní ìtumọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó ná owó Lomé. Ìlú bí Òkìtìpupa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òṣogbo fi hàn pé ọwọ́ lè ṣáájú owó. Ohun tí ń pa ilé àtijọ́ kì í sábà jẹ́ àìsí owó ńlá. Òrùlé tí ń jò ni, àti ọ̀rọ̀ ẹbí. Ilé tí ogún ọmọ jọ jogún, kálukú ni yóò máa retí pé kí ẹnìkejì ra páànù. Ẹbí tó bá fẹnu kò lórí páànù ti gba ilé là fún ìran kan sí i.

Ipa tí olùkọ́ lè kó kò gba owó púpọ̀. Àkọ́kọ́, kí wọ́n kó orúkọ jọ. Ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àjà, òpó, àkọ́dí, ẹ̀kùlé: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń lọ pẹ̀lú ilé tí wọ́n ń dárúkọ. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ní àwọn tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè, àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n kò sì ní í wà títí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì béèrè. Ìkejì, kí wọ́n wọn ilé, kí wọ́n yà á sórí ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Bí ilé náà tilẹ̀ wó lọ́la, ìrántí rẹ̀ yóò wà ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìkẹta, bí ẹbí kan bá yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kí wọ́n má sọ ọ́ di yàrá ìkẹ́rù-sí. Ilẹ̀ tí Comfort Ọmọ́gè ti kọ orin aṣíkò Ìkálẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí ọdún Malòkun sì ń wáyé ní Òde-Ìrèlè, kò ṣàìní ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ nínú irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin, ìlù àti ìtàn ni yóò mú kí àwọn ọmọ máa wá; àwọn ọmọ tó bá sì ń wá ni yóò mọ̀ nígbà tí òrùlé bá ń jò.

Àgbálọgbábọ̀

Ààfin Lomé jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ fún oríyìn. Ó gba ilé kan lọ́wọ́ ìtàkùn, ó gbé ìtẹ́ ọba padà sí ibi tí wọ́n ti rẹ ọba sílẹ̀, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ ará ìlú. Àléébù tí lámèyítọ́ lè tọ́ka sí ni pé ẹwà ọgbà rẹ̀ lè sáré ju ìrántí lọ. Ilé náà kọjú sí òkun títí di òní. Ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú rẹ̀ wá, láti ara àwọn ènìyàn tí ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilé àwọn bàbá kò kọjú sí òkun. Ojú títì ni wọ́n kọjú sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjá tí wọ́n sì ń rí wọn. Wọn kò ní gómìnà, wọn kò sì ní hẹ́kítà 11. Ẹni tí ó kù láti tọ́jú wọn ni ẹni tí ń kọjá náà. Bí ó bá ń kọjá láì dúró, ilé tí iná kò jó yóò wó, kò sì ní í sí ẹwà kankan tí yóò bù sí i.